Orúkọ tó wà lára fákúùmù kọ́ ni ẹni tó ṣe é

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa bá wọn tún inú ṣọ́ọ̀ṣì àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe, rọ́ọ̀gì, àga, kọ́tìnì, gbogbo ẹ̀, láti Tákíè títí dé ọ̀nà LAUTECH, ẹni tó bá sì ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́ á mọ nǹkan tí mò ń sọ, eruku yẹn kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fi iná fa eruku, ni ọkọ́ mi, òun náà ni àdá mi. Torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mo ti bá lẹ́nu dákónì, mo ti bá a lẹ́nu màníjà òtẹ́ẹ̀lì, mo tún bá a lẹ́nu àwọn tó ń ta ọjà náà gan-an: pé orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára fákúùmù, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló jókòó ṣe é, pé tó bá ti jẹ́ orúkọ òyìnbó tó ti pẹ́ láyé, ojúlówó tí bàbá wa lò náà ló ṣì wà nínú ẹ̀, àti pé tí wọ́n bá ti yí nọ́ńbà ẹ̀ padà tí wọ́n wá fi "Pro" tàbí "Max" sí ìdí ẹ̀, ẹ̀rọ tuntun ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, owó mi ló là mí lójú.

Mo ní fákúùmù kan tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ eérú, owó ẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi wáyà tó ń jó mo ní ó ti tó gẹ́ẹ́, mo tu owó jọ, mo lọ ra òmíì tí orúkọ ẹ̀ rinlẹ̀ dáadáa, pupa ni, owó ẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ẹni tó tà á fún mi ní "eléyìí ò ní dójú tì yín láéláé." Kò pé oṣù mẹ́fà. Ariwo kan náà tí ti àkọ́kọ́ ń pa lòun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa, ariwo hánrán-hánrán kan báyìí, tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ á kú fúnra ẹ̀, àfi kí n jókòó dúró kó tutù kí n tó tún tàn án. Mo kó àwọn méjèèjì lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń wé mọ́tọ̀ fáànù àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ àpò sẹ́mẹ́ńtì sílẹ̀, ó dojú àwọn méjèèjì dé. Síkúrúù mẹ́rin wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó tún fi èékánná ṣí síítíkà kan, síkúrúù karùn-ún wà lábẹ́ ẹ̀. Ó bọ́ sórí èkejì, mẹ́rin, ó ṣí síítíkà ibi kan náà, ìkarùn-ún wà níbẹ̀. Kò tíì tú nǹkankan tó fi ní "ẹ wò ó, mo mọ nǹkan tí a máa bá." Nígbà tó ṣí wọn tán, mọ́tọ̀ kan náà ni, rọ́bà dúdú kan náà ló yí i ká, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ yẹn, a kà á létí ara wa, ó bára mu dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ó yọ fílítà inú pupa, ó fi sínú aláwọ̀ eérú, ó wọlé pẹ́kí. Ó tún gbé ìdérí pupa lé ìdí aláwọ̀ eérú, ó ró "kọ́ọ̀", ó dé. Eégún kan náà ni, ẹ̀kú ló pààrọ̀. Kò sí nǹkan tí mo fi ìlọ́po owó yẹn rà ju ọ̀dà pupa àti orúkọ lọ, inú mi ò dùn rárá lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòro. Fákítìrì ńlá ńlá wà ní Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà ní Suzhou àti àwọn ìlú ìtòsí ibẹ̀, tó jẹ́ pé fákúùmù ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn ló ni mọ́ọ̀dù tí wọ́n ń da ike sí, àwọn ló ni mọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ á wá, á ní mo fẹ́ eléyìí, ẹ bá mi kùn ún ní búlúù, ẹ yí ọwọ́ ẹ̀ padà díẹ̀, ẹ bá mi kọ orúkọ mi sí i, òmíì á tẹ̀lé e á ní ti tòun kó pupa. Ayédèrú kọ́ ni, kò sí olè níbẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún sì lè dára gan-an. Ohun tí mò ń bá yín sọ ni pé iye owó tó yàtọ̀ yẹn, ẹ má rò pé inú ẹ̀rọ ló wà.

Ìyẹn ni orúkọ méjì tí ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni orúkọ kan tí olówó ẹ̀ jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí n fi fákúùmù tó ń jẹ́ Hoover ṣe àpẹẹrẹ, torí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ máa ń fi orúkọ yẹn pe iṣẹ́ ìgbálẹ̀ gan-an. Hoover fúnra ẹ̀ kọ́ ló ronú ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Murray Spangler, tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìlú Canton ní Ohio, Amẹ́ríkà, ásímà ń bá a jà, eruku ò jẹ́ kó gbádùn, ló bá kó fáànù, àpótí àti àpò ìrọ̀rí pọ̀, ó so ó mọ́ ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, agbálẹ̀ bíi tèmi ni. Ní 1908 ló gba ìwé àṣẹ pé òun ló ronú ẹ̀, ìbátan ẹ̀ obìnrin kan ló fi ẹ̀rọ náà han ọkọ ẹ̀, ọkọ yẹn ni William Hoover, oníṣòwò awọ ni, ó ra iṣẹ́ náà, orúkọ tiẹ̀ ló sì wá lé e títí dòní. Orúkọ Spangler ò sí lára ẹ̀rọ kankan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Nígbà tó yá Hoover ti Amẹ́ríkà àti Hoover ti Gẹ̀ẹ́sì lọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù tó kù, Candy ti Ítálì ló rà á ní 1995, Haier ti Ṣáínà wá ra Candy fúnra ẹ̀ ní 2019. Ti Amẹ́ríkà bọ́ sọ́wọ́ Maytag, Whirlpool ra Maytag ní 2006, wọ́n sì ta Hoover fún Techtronic, ilé-iṣẹ́ Hong Kong kan, wọ́n parí ẹ̀ ní 2007. Haier yẹn náà ni orúkọ ẹ̀ wà níwájú Thermocool lára fíríìjì tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Nítorí náà tí ọmọ ìjọ kan bá fi Hoover ránṣẹ́ láti Houston, tí òmíì náà fi Hoover ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n, ẹ má rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n o. Ti Amẹ́ríkà, iná fóòtì 120 ló ń lò, tiwa níbí fóòtì 230 ni, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná báyìí ó parí nìyẹn, àti pé bẹ́líìtì tàbí fílítà tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan, kò dájú rárá pé á wọ èkejì, olówó wọn ò mọ ara wọn rí.

Hoover nìkan kọ́. Philips ta ẹ̀ka tó ń ṣe nǹkan inú ilé ní 2021, ilé-iṣẹ́ tó wá ń ṣe é báyìí Versuni ló ń jẹ́, wọ́n kàn ń san owó orúkọ Philips ni. Toshiba náà, Midea ti Ṣáínà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka nǹkan inú ilé wọn ní 2016, ọdún yẹn náà ni Haier ra ti General Electric, orúkọ ò yí. Bosch àti Siemens, ilé kan ṣoṣo ló ń ṣe wọn, láti 2015 Bosch nìkan ló sì ni ín.

Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn ilé-iṣẹ́ yìí náà, ọjà ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á mú ẹ̀rọ kan, wọ́n á sọ ọ́ ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin torí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà á fún. Ilé-iṣẹ́ Dyson ní fákúùmù V8 Animal àti V8 Absolute, ẹ̀rọ kan náà ni, orí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi kún inú páálí ló yàtọ̀. Miele ti Jámánì ní èyí tí wọ́n ń pè ní Cat & Dog, búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí àti fílítà èédú tó ń gba òórùn ni wọ́n fi kún un, torí òyìnbó ń gbé ajá sórí àga. Ó wúlò fún wọn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ajá ta ló ń sùn lórí rọ́ọ̀gì ṣọ́ọ̀ṣì? Tẹ́ ẹ bá ra èyí tí wọ́n ya ajá sí, owó irun ajá tí ẹ ò ní lẹ ń san. Nígbà míì tún wà, nọ́ńbà ni wọ́n á yí díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kan, kó lè ṣòro fún yín láti fi owó tibí wé owó tọ̀hún.

Ó wá ku wọ́ọ̀tì, èyí tó ń jẹ owó àwọn èèyàn jù. "Ti 2000 wọ́ọ̀tì ni mo fẹ́, kó lágbára." Wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ síbẹ̀, iná tó ń jẹ ni, kì í ṣe eruku tó ń fà. Ọ̀bẹ̀ ò lè dùn torí pé igi tí ẹ fi sè é pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńlá ló ń tà, ni wọ́n ṣe ń kọ 2000, 2200 gàdàgbà sí páálí, àfi ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ Yúróòpù dá wọn lẹ́kun: láti September 2014, fákúùmù tuntun ò gbọdọ̀ ju 1600 wọ́ọ̀tì lọ, láti September 2017 ó di 900. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún ojú fáànù àti ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà ṣe, ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì ń gbálẹ̀ dáadáa lórí 900 yẹn, wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ padà, kíkéré wọ́ọ̀tì ló wá di ohun tí wọ́n ń fi yangàn. Ẹnu kan náà o. Kódà síítíkà tí ìjọba ní kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn láti fi hàn bó ṣe dára tó, Dyson gbé e lọ sí kóòtù, torí pé inú ẹ̀rọ tó ṣófo, tí kò sí eruku kankan níbẹ̀, ni wọ́n ti ń dán an wò, kóòtù sì fagi lé e ní November 2018. Ta ló ń gbálẹ̀ pẹ̀lú fákúùmù tó ṣófo?

Fún àwa tí NEPA ń bá ṣeré, ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀tì yìí tún ju ìyẹn lọ. Jẹ́nẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour ò lè gbé 2000 wọ́ọ̀tì láé, ó máa kú ni tàbí kó jó. Ẹ lè wá ra "alágbára" tí ẹ ò ní lè tàn.

Ṣé orúkọ ò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò. Ohun tí mo gbà pé èèyàn fi ń ra orúkọ ni ẹni tó máa dáhùn tó bá bàjẹ́, fílítà, àpò, kábọ̀n tó ń gbé iná fún mọ́tọ̀, kí èèyàn rí i rà ní Tákíè tàbí ó pẹ́ tán ní Ìbàdàn. Orúkọ tí ẹ ò bá rí fílítà ẹ̀ rà, ì báà jẹ́ ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti di, ó ti kú nìyẹn. Nígbà náà, ẹ dojú ẹ̀ dé kí ẹ tó sanwó. Síítíkà fàdákà kékeré kan wà nídìí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é sí, iye iná tó ń jẹ, nígbà míì orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà gan-an, tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí. Ojú ẹ̀ ni wọ́n kùn fún ọjà, ìdí ẹ̀ ni òótọ́ wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ìyá ìjọ kan ní kí n bá àwọn lọ ra ọ̀kan. Mẹ́ta wà nílẹ̀, èyí tó wọ́n jù, ajá wà lára páálí ẹ̀, ojú gbogbo wọn sì ti lọ síbẹ̀. Mo bẹ oníṣọ́ọ̀bù pé kó jẹ́ ká tẹ́ rọ́ọ̀gì kékeré kan sílẹ̀, mo ti mú gààrí dání nínú nílọ́ọ̀nù, mo fọ́n ọn síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tẹ eruku mọ́ ọn. A tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Alájá kó o, ó ku díẹ̀ nídìí irun rọ́ọ̀gì. Èyí tó wà láàárín, 1200 wọ́ọ̀tì, kó tiẹ̀ tán, mo fi ọwọ́ ra ibẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Mo wá bi oníṣọ́ọ̀bù pé fílítà ẹ̀ dà, ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé méjì wá. Òun la rà. Nínú owó tó ṣẹ́ kù, a ra fílítà méjèèjì, a tún ra wáyà ẹ̀sítẹ́nṣọ̀n gígùn, torí ṣọ́ọ̀ṣì wọn yẹn, ẹ̀yìn pẹpẹ ìwàásù nìkan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.