Ẹni gíga, ẹni kúkúrú, bàálù kan: ibo la máa gbé síìtì sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbarà l'Abẹ́òkúta níbí la wà, èmi àti àbúrò mi obìnrin, owó kit bàálù kékeré táwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn tò la ń tu jọ. Èmi ga tó fíìtì 6 àti íǹṣì 3, òun ò ju fíìtì 5 lọ. Ṣé àwa méjèèjì á lè máa wa bàálù kan náà?

Ìdáhùn: Ẹ máa wà á dáadáa, àmọ́ fíìtì àti íǹṣì tó o kọ yẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún mi, torí ìdúró lo fi wọ̀n ọ́n, ìjókòó la sì fi ń wa bàálù. Mú èèyàn méjì tí wọ́n ga dọ́gba, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wàá rí i pé orí ẹnì kan lè yọ ju ti ẹnì kejì lọ, torí ẹsẹ̀ lẹnì kan fi gùn, ẹ̀yìn lẹnì kejì fi gùn. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni orúnkún ẹ̀ ti máa há. Ẹlẹ́yìn gígùn ní tiẹ̀, gíláàsì òkè ló máa máa gbá a lórí tí atẹ́gùn bá ń ju bàálù sókè sódò. Ohun tó máa tán wàhálà ẹnì kan ò ní tán ti ìkejì.

Nítorí náà ká tó dárúkọ síìtì rárá, jókòó sílẹ̀, fẹ̀yìn ti ògiri, kí ìdí ẹ kan ògiri gan-an o, kí àbúrò ẹ gbé ìwé líle kan lé ọ lórí kó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ògiri, kó tún fàlà míì síbi tí ojú ẹ wà. Ìwọ náà ṣe é fún un. Tépù télọ̀ ti tó láti fi wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ wọn ìdí dé orúnkún, àti orúnkún dé gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe síìtì bàálù sí ìwọ̀n àárín, kó gba gbogbo èèyàn?

Ìdáhùn: Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀, ó já wọn kulẹ̀. Lọ́dún 1950, Air Force Amẹ́ríkà wọn ara àwọn páílọ́ọ̀tì wọn tó ju 4,000 lọ, ẹnì kan tó ń jẹ́ Gilbert Daniels wá mú ìwọ̀n 10 nínú ẹ̀, àyà, apá, ẹsẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń wá ẹni tó bọ́ sí àárín nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nínú èèyàn 4,063, kò rí ẹyọ kan. Òdo! Síìtì tí wọ́n bá ṣe fún ẹni àárín, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Ìbéèrè: Ó dáa, ṣé ká lọ ra síìtì mọ́tò tókùnbọ̀ tó ń sún síwájú sẹ́yìn?

Ìdáhùn: Hàà, rárá o. Ká ní o wọn kílò 90, o wá sún síìtì sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 nínú bàálù tí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kílò 600. 90 lọ́nà 10, pín in sí 600, ibi tí ìwọ̀n bàálù ti dọ́gba, tí wọ́n ń pè ní CG, ti sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 àtààbọ̀ nìyẹn. Ó kéré lójú, àmọ́ àyè tí CG ní láti rìn nínú bàálù kékeré ò gùn, ẹrù àti epo náà sì fẹ́ jẹ nínú ẹ̀. Tó bá ti lọ sẹ́yìn jù, apá ẹ lè má ká bàálù yẹn mọ́.

Rélì tí síìtì ń rìn lórí ẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Àwọn bàálù Cessna kan ti ní jàǹbá torí pé síìtì yọ lójú ihò ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, ó gbé páílọ́ọ̀tì lọ sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ ò sì tíì fi ìdarí sílẹ̀, ló bá fà á tẹ̀lé ara ẹ̀, imú bàálù dà sókè. Èyí tó tẹ́ èmi lọ́rùn ni kí síìtì dúró sójú kan, kí pẹ́dà máa wá bá ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàálù Diamond DA40 ṣe rí.

Kit téèyàn méjì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni kẹ́ ẹ yàn, bíi RV-7A ti iléeṣẹ́ Van's Aircraft (RV-6A tó ṣáájú ẹ̀ ni iléeṣẹ́ AIEP ní Kàdúná fi ṣe bàálù Air Beetle fún Air Force tiwa), torí síìtì méjèèjì ò jìnnà sí CG. Bàálù Long-EZ tí Burt Rutan yàwòrán ẹ̀ rẹwà lóòótọ́, àmọ́ iwájú lọ́hùn-ún ni páílọ́ọ̀tì ẹ̀ wà, ẹni tó bá fúyẹ́ lè ní láti di òjé sí imú bàálù kó tó gbéra. Àbúrò ẹ nìyẹn o.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní ìrọ̀rí lòun máa gbé sídìí ní tòun.

Ìdáhùn: Kó gbé e, àmọ́ kì í ṣe fóòmù múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń gé tà lọ́jà. Tí bàálù bá balẹ̀ gbì, fóòmù yẹn á tẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀kan, ìdí á wá fi eré lọ pàdé páànù síìtì, eegun ẹ̀yìn ló máa jẹ̀yà ẹ̀. Èyí tó ń rọra tẹ̀ ló yẹ, irú èyí tí wọ́n ṣe fún NASA lọ́dún 1966.

Ojú lẹ máa fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síìtì sísàlẹ̀ fún, kí orí ẹ pẹ̀lú headset má kan gíláàsì, lẹ́yìn náà kí ìrọ̀rí gbé ojú àbúrò ẹ dé ibi tí ojú tìẹ wà, torí tí kò bá rí iwájú kọjá imú bàálù, kò ní mọ ìgbà tí táyà máa kanlẹ̀. Tí ìdí ẹ̀ bá ti ròkè báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà á jìnnà sí pẹ́dà, ẹ ní láti fa pẹ́dà sún mọ́ ọn tàbí kó fi ìrọ̀rí míì tì í lẹ́yìn. Tó bá wá jẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀yìn, kó fa stick, ìyẹn ọ̀pá ìdarí bàálù, wá sẹ́yìn pátápátá kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò kan ikùn ẹ̀ kó tó dé òpin.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ gbogbo èyí kówó tó jáde lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Ẹ lọ bá káfíńtà, kó fi plywood kan àpótí tó gba ìwọ̀n kọ́kípíìtì (ibi tí páílọ́ọ̀tì ń jókòó sí) inú plan, ìyẹn àwòrán bàálù náà, pẹ̀lú pẹ́dà onígi àti igi kan tó dúró fún stick. Ẹ jókòó sínú ẹ̀ tó wákàtí kan, kẹ́ ẹ di bẹ́líìtì. Ẹ wo ibi tí bẹ́líìtì èjìká ti so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn: tó bá rẹlẹ̀ púpọ̀ ju èjìká tìẹ lọ, ńṣe ló máa tẹ eegun ẹ̀yìn ẹ mọ́lẹ̀ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni gíga nirú ẹ̀ sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ tẹ pẹ́dà dé òpin lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú bíréèkì. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan pariwo "iná!", kẹ́ ẹ tú bẹ́líìtì kẹ́ ẹ sì jáde. Ibi tí bàtà ẹ bá ti há, kí káfíńtà fi ayùn gé e kúrò lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún jókòó wò ó.