Ìdámọ̀ ìbátan láàárín òkú inú sàréè àtijọ́

Ìdámọ̀ ìbátan láàárín òkú àtijọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń wádìí ẹni tó bí ẹni, àti ẹni tó bá ẹni tan, nínú sàréè tí wọ́n ti gbẹ́ kí ìwé kíkọ tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́nu Yorùbá ilẹ̀ Benin, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, mú àlàyé rẹ̀ rọrùn: iyèkan ni ọmọ ìyá kan náà, ọbàkan ni ọmọ bàbá kan náà.

Inú DNA, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, tí ará Kétu tó kàwé Faransé mọ̀ sí ADN, ni wọ́n ti ń wo èyí. Egungun líle tó wà nídìí etí ló máa ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́ jù. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kó pẹ́. Apá DNA kan wà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní Y, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń bọ̀ sára ọmọkùnrin; òun ni ì bá bá ìlà ìdílé márùn-ún tó ń jọba ní Kétu lọ. Ṣùgbọ́n méjèèjì kò lè sọ bí ènìyàn méjì ṣe sún mọ́ra tó. DNA yòókù ni wọ́n ń fi wéra fún ìyẹn: òbí àti ọmọ pín ìlàjì, ọbàkan méjì pín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pín ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ìdá kan nínú mẹ́rin yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí iye kan náà ni ẹni tó jẹ́ àbúrò bàbá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pín, bẹ́ẹ̀ náà sì ni bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ. Ní Shum Laka ní Cameroon, ìwádìí tó jáde ní 2020 rí ọmọdé méjì tó kú ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn tí ìbátan wọn bọ́ sí ìpele yìí gan-an.

Ti Hazleton North ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dùn ún gbọ́ jù. Ó lé ní 5,500 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ibojì olókùúta náà. Nínú òkú 35 tí wọ́n yẹ̀ wò, 27 jẹ́ ìran márùn-ún láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́rin tó bímọ fún un. Ìyá tí ẹnìkan ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pinnu bóyá ìhà àríwá tàbí gúúsù ni wọn yóò sin ín sí. Yorùbá tó mọ ogún ìdí-igi kò ní í béèrè ohun tó fà á. Àwọn ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀ tí ìyá wọn jẹ́ aya ilé, tí bàbá wọn kì í sì í ṣe ará ilé. Ọmọbìnrin ilé tó ti dàgbà ṣọ̀wọ́n nínú ibojì náà, ó jọ pé ilé ọkọ ni wọ́n lọ.

Ní Çatalhöyük ní Turkey, abẹ́ ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń sin òkú sí, bí Yorùbá ti ń sin àgbà sínú ilé rẹ̀ láyé àtijọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó jọ sùn sábẹ́ ilé kan kò bá ara wọn tan. Ní Sunghir ní Rọ́ṣíà, ọmọ méjì tí wọ́n sin lórí-kan-orí pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ eyín ẹranko, ní nǹkan bí 34,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ti kà sí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tẹ́lẹ̀. Ìwádìí 2017 fi hàn pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe iyèkan tàbí ọbàkan.