Káàdì wọ ihò, ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

Tẹ́ ẹ bá dé Otigba, ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà, tí wọ́n tú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ayé àtijọ́ sílẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wò ni bóyá káàdì, pátákó kékeré tó ń fi iṣẹ́ bí orin tàbí àwòrán kún kọ̀ǹpútà, á wọ ihò orí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú ẹ̀, tó bá ti wọ̀ wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o.

Irú ihò yìí pọ̀, èyí tó ń jẹ́ ISA làgbà gbogbo wọn. Ti IBM PC 1981 kúrú, bit 8 ni, ìyẹn iye dátà tó ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, eyín ẹ̀, àwọn irin tó ń kan káàdì, jẹ́ 62. Nígbà tí PC AT dé lọ́dún 1984 wọn ò yọ ihò yẹn, ńṣe ni wọ́n so ihò kékeré eléyín 36 mọ́ ọn nídìí, ló bá di bit 16. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí káàdì bit 8 á kàn jókòó síwájú, ẹ̀yìn á ṣófo, iṣẹ́ á máa lọ, àfi àwọn tí pátákó wọn sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn, ìyẹn ò ní jẹ́ kó wọ̀. Ẹ yí i padà, káàdì bit 16 sínú ihò bit 8, ìdajì ẹ̀ á máa fì lófuurufú bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga àgbà. Àwọn káàdì VGA kan, tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn.

MCA, irú ihò mìíràn tí IBM gbé jáde ní 1987, ò gba káàdì ISA rárá. EISA, ihò tí ilé iṣẹ́ Compaq àtàwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gbé jáde, ló ṣe dáadáa sí i, ihò ẹ̀ ní àjà méjì, káàdì ISA á dúró lókè, ti EISA á wọlé dé ìsàlẹ̀.

Ihò funfun tó ń jẹ́ PCI tún yàtọ̀, ìdènà kan wà nínú ihò ẹ̀ tó ń yà fólìtì 5 sọ́tọ̀ kúrò lára 3.3, káàdì tó ní gígé méjì ló lè gba méjèèjì. Ẹni tó bá fi fáìlì ha káàdì kó lè wọlé, èéfín ló ń wá.

Kó tiẹ̀ wọ̀ ọ́, kí iná bá a mu, IRQ ṣì ń bẹ, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀nà tí káàdì fi ń ké sí kọ̀ǹpútà kó dá òun lóhùn. Káàdì ISA bit 8 ò lè kọjá IRQ 2 sí 7, káàdì orin àtijọ́ sì sábà máa ń wà lórí 7, níbi tí ihò pírínítà náà wà, ni wọ́n bá ń jà. Ẹ fa jọ́ńpà ara káàdì, ike kékeré tó ní irin nínú yẹn, kẹ́ ẹ gbé e sórí 5.