Àìdọ́gba láwùjọ nínú àǹfààní ẹ̀kọ́ gíga

Àìdọ́gba nínú àǹfààní ẹ̀kọ́ gíga ni ìyàtọ̀ tó ń wà láàárín ọmọ olówó àti ọmọ aláìní, ọkùnrin àti obìnrin, ará ìlú ńlá àti ará oko, nípa ẹni tó ń wọ yunifásítì, irú èyí tó ń wọ̀, àti ẹni tó ń kà á parí. Abala 26 Ìkéde Káríayé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn (1948) ní kí ẹ̀kọ́ gíga ṣí sílẹ̀ bákan náà fún gbogbo ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n. Ọdún yẹn gan-an ni Yunifásítì Cambridge ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin máa gba oyè lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀ fún ohun tó lé ní 60 ọdún.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní 1974, Raymond Boudon, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, pín in sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ipò ilé máa ń hàn nínú èsì ìdánwò ọmọ. Èkejì ló ṣòroó rí: ọmọ méjì lè gba máàkì kan náà, kí ìpinnu wọn má sì dọ́gba. Ọ̀kan kọ fọ́ọ̀mù tán, ìyá rẹ̀ tó ti gboyè rí bá a kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ibì kan ṣe. Èkejì kò rí ẹni bi. Ó ṣírò iye ọdún tí kò ní fi mú owó wọlé fún àwọn ará ilé, ó sì yan ẹ̀kọ́ kúkúrú tó wà nítòsí.

Àfikún ààyè ní yunifásítì nìkan kì í dí àlàfo yìí. Adrian Raftery àti Michael Hout, tí wọ́n ṣèwádìí ní Ireland, sọ ní 1993 pé kì í sábà dín kù àfi ìgbà tí ọmọ àwọn tó rí jájẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Ní 2001, Samuel Lucas, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, fi kún un pé nígbà náà, ìyàtọ̀ á kàn sún sórí irú ẹ̀kọ́ tí kálukú rí kà.

Jámánì ti fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìjọba. Ìyẹn ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kò san owó ilé àti oúnjẹ. Láti 1989, Australia ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bá yá, nígbà tí owó tó ń wọlé fún un bá tó iye kan. Òfin Bràsíl ti 2012 ló fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀: ìdajì ààyè yunifásítì ìjọba àpapọ̀ di ti àwọn tó ka ìwé girama ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.