Ìdí tí òdòdó kóróṣé fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ

Ẹ gbé òdòdó kóróṣé méjì sórí tábìlì. Òwú kan náà ni wọ́n fi hun wọ́n, píìnì kan náà, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, sì ni. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, gbogbo etí rẹ̀ ló kan tábìlì. Ìkejì ká etí sókè bí fìlà ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún dìde. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní ọwọ́ ẹni tó hun ìkejì ló le jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òǹkà ojú òwú ló fà á.

Kí á tó dé ibẹ̀, òwú ńkọ́? Ẹni tó bá wọ ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ láti ra òwú kóróṣé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wúùlù yàtọ̀ sí òwú kọ́tìnnì. Wúùlù dára fún fìlà àti ṣúẹ́tà ọmọ, ṣùgbọ́n ó nípọn, ó sì nírun lára, kì í jẹ́ kí ihò inú iṣẹ́ hàn dáadáa. Òwú kọ́tìnnì tó ń dán ni ti iṣẹ́ oníhò. Dídán yẹn kì í ṣe ti òwú látilẹ̀wá. Ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, John Mercer, ló rí i ní 1844 pé bí wọ́n bá ki kọ́tìnnì bọ omi sódà tó lágbára, á túbọ̀ yi, á sì máa gba aró dáadáa. Ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn wá ń na òwú náà gbọọrọ nínú sódà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Nọ́ńbà wà lára òwú: 10, 20, 40. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni òwú ń tínrín sí i. Píìnì tí ẹnu rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1.5 ló bá nọ́ńbà 10 mu.

Iye òwú tí iṣẹ́ máa gbà ni kí wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ọ̀wọ́ kan tí wọ́n jọ ṣe pọ̀. Aláró kankan ò ní jiyàn pé ìkòkò aró méjì kì í bára dọ́gba délẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé iṣẹ́ ńlá. Funfun ti oṣù yìí lè pọ́n díẹ̀ ju funfun ti oṣù tó kọjá lọ, ojú á sì rí i bí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀ tán.

Nínú aṣọ òkè, òwú òòró àti òwú ìbú ló ń kọjá lára wọn. Nínú kóróṣé, òwú kan ṣoṣo ni, ojú kan, ìyẹn ibi tí òwú ti ká bí òrùka kékeré, ló sì ń gba inú ojú kejì jáde. Bí wọ́n bá kàn ń fa òwú gba inú ojú tó wà lórí píìnì, ṣéènì nìyẹn. Ojú kúkúrú ni pé kí wọ́n ki píìnì bọ ojú ìsàlẹ̀, kí wọ́n fa òwú jáde. Ojú méjì á wà lórí píìnì, wọ́n á sì fa òwú gba inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ojú gígùn, wọ́n á kọ́kọ́ ká òwú mọ́ píìnì kí wọ́n tó kì í bọlẹ̀. Mẹ́ta ló máa wà lórí píìnì nígbà yẹn. Wọ́n á gba inú méjì, wọ́n á tún gba inú méjì tó kù. Ojú gígùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po méjì ojú kúkúrú, ibi tí ọ̀rọ̀ òǹkà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń fín igbá ni, ẹ jẹ́ ká fi igbá ṣe é. Ká ní igbá méjì wà, tí ẹnu ọ̀kan fi ìbú ìka kan jìnnà sí àárín ju ti ìkejì lọ. Okùn tó máa yí èyí tó fẹ̀ ká á fi ìka mẹ́fà àti díẹ̀ gùn ju ti ìkejì lọ. Ìbáà jẹ́ igbá ìmumi, ìbáà jẹ́ igbá tí wọ́n fi ń wọn èlùbọ́, mẹ́fà àti díẹ̀ náà ni. Ojú kúkúrú ga tó bó ṣe fẹ̀, nítorí náà bí òdòdó bá fi ìlà kan, ìyẹn yíyí ká lẹ́ẹ̀kan, fẹ̀ síta, ojú 6 ló yẹ kó wọlé kún un. Ojú gígùn ga ní ìlọ́po méjì, tirẹ̀ di 12. Bí àfikún bá dín, etí á fún, òdòdó á ká sókè. Bí ó bá pọ̀ jù, etí á máa rú bí ìdí síkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń hun fìlà mọ̀ọ́mọ̀ ń dá àfikún dúró níbi tó bá ti fẹ́ kó wálẹ̀ ni.

Ohun tó máa ń dàrú mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lójú ni pé ihò náà ń jẹ nínú òǹkà. Ṣéènì kan tó kọjá lórí ihò gba àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ojú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ihò ló ń fi iṣẹ́ náà hàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà á bí wọ́n ṣe ń ka òwú.

Ẹ wo òdòdó kan tó rọrùn. Ṣéènì 6, kí wọ́n so orí mọ́ ìdí kó di òrùka. Ìlà kìíní, ṣéènì 3 tó dúró fún ojú gígùn kan, kí ojú gígùn 15 tẹ̀ lé e sínú òrùka. Ó di 16. Wọn kò fi 12 bẹ̀rẹ̀ nítorí òrùka fúnra rẹ̀ ti fẹ̀ díẹ̀. Ìlà kejì, ojú gígùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣéènì kan láàárín wọn. Ìyẹn di 16 àti 16, ó jẹ́ 32. Òfin igbá ní 28 ló yẹ, ṣùgbọ́n ṣéènì máa ń tínrín ju ojú lọ, nítorí náà á ṣì tẹ́. Ìlà kẹta, ojú kúkúrú kan sínú ihò, ṣéènì 5, kí wọ́n fo ihò kan, ojú kúkúrú mìíràn, títí wọ́n á fi yí i ká: afárá ṣéènì 8. Ìlà kẹrin ni ewé òdòdó: sínú afárá kọ̀ọ̀kan, ojú kúkúrú kan, gígùn 7, kúkúrú kan. Òǹkà ti ga gan-an níbí, síbẹ̀ etí kì í rú, nítorí ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ráyè na ara rẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú àwọn àlàyé tó ń ti òkè òkun wá. Ojú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní double crochet ni ojú gígùn tí a sọ yìí. Àwọn ará Ìlú Ọba ń pe ojú kúkúrú ní orúkọ kan náà, wọ́n sì ń pe gígùn ní treble. Ẹni tó bá fi ojú kúkúrú hun òǹkà tí wọ́n ṣe fún ojú gígùn, 12 ni yóò máa fi kún ibi tí 6 tó. Yóò rí i tí iṣẹ́ rẹ̀ ń rú, á sì máa tú u láìmọ ibi tó ti ṣì í. Kó wo ibi tí wọ́n ti kọ àlàyé náà kó tó tú u.

Ẹyọ òdòdó kan kì í ṣe aṣọ, síso wọ́n pọ̀ ni. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí wọ́n so ó bí wọ́n ṣe ń hun ìlà ìkẹyìn lọ. Bí wọ́n bá dé ojú gígùn kẹrin nínú ewé, wọ́n á yọ píìnì, wọ́n á kì í bọ orí ewé ẹyọ kejì, wọ́n á fa ojú tí wọ́n fi sílẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Nítorí pé ewé jẹ́ 8, ẹyọ kan lè fi ewé méjì méjì di ẹyọ mẹ́rin mú. Ihò ńlá kan á ṣẹ́kù láàárín ẹyọ mẹ́rin. Òrùka kékeré ni wọ́n máa ń hun dí i. Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé pín. Nígbà ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 ní ilẹ̀ Ireland, ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi kóróṣé jẹun: àwọn kan ń hun òdòdó, àwọn kan ń hun ewé, ẹlòmíràn á so wọ́n pọ̀.

Bí ẹyọ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, búláòsì tí àyà rẹ̀ jẹ́ 96 gba ẹyọ 12 yíká. Aṣọ tábìlì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40, tí òòró rẹ̀ jẹ́ 80, gba márùn-ún ní ìbú, mẹ́wàá ní òòró, àádọ́ta lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ tí wọ́n ti fọ̀, tó ti gbẹ, ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí píìnì. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, ẹni tó fi òrí pa ọwọ́ kó jẹ́ kó gbẹ wọlé kó tó fọwọ́ kan òwú funfun; àbàwọ́n òrí kì í tètè lọ.

Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí máa ń rún. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi jáde, má fún un o. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí fóòmù, wọ́n á fi píìnì aránṣọ tí kì í dípẹtà kan orí ewé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ dára fún aṣọ tábìlì àti ti ẹ̀yìn àga. Búláòsì kò fẹ́ ẹ, á máa ha ara. Ìdí òwú tó ṣẹ́kù ńkọ́? Kọ́tìnnì dídán máa ń yọ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gbé e gba abẹ́ ojú mélòó kan lọ síwájú, wọ́n á tún gbé e padà sẹ́yìn, kí wọ́n tó fọ iṣẹ́ náà. Wọn ò ní tíì gé e, nítorí omi máa ń na òwú. Ìgbà tó bá gbẹ tán, tí píìnì aránṣọ ti kúrò, ni sísọ́ọ̀sì tó kàn án.