Ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ kò ràn: bí ìmọ̀ nípa wọn ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìṣirò ló bí ìmọ̀ nípa irú ìràwọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní brown dwarf, awò-awọ̀nàjíjìn kọ́. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fáwọn ọmọ tó ń kọ́ físíìsì l'Óṣogbo, torí wọ́n gbà pé ẹni tí kò ní awò ńlá kò lè ṣàwárí ohunkóhun lójú ọ̀run.

Àwọn onímọ̀ ti mọ ìràwọ̀ kéékèèké tí iná wọn ràn tẹ́lẹ̀. Níbí ní Áfíríkà, ní Johannesburg, ni Robert Innes ti rí Proxima Centauri lọ́dún 1915, òun ló sì sún mọ́ oòrùn wa jù. Síbẹ̀, ojú lásán kò lè rí i.

Shiv Kumar, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ló wá bi ara rẹ̀ pé: ìràwọ̀ wo ló kéré jù tí iná rẹ̀ ṣì lè ràn? Ìwúwo ìràwọ̀ ló ń tẹ inú rẹ̀ pọ̀ títí á fi gbóná débi tí háídírójìn á máa di hílíọ́mù. Ìṣirò tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1963 fi hàn pé bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ti oòrùn, kò ní ràn láé. Á kàn máa tutù lọ ni, bí ẹyín iná tí wọ́n wà kúrò nínú àdògán. Hayashi àti Nakano ní Japan ṣe irú ìṣirò yìí lọ́dún kan náà. Lọ́dún 1975, Jill Tarter, onímọ̀ ìràwọ̀ l'Amẹ́ríkà, sọ irú ìràwọ̀ tí kò ràn bẹ́ẹ̀ ní brown dwarf.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìṣirò ọdún 1963 kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan ọ̀kan nínú wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ṣì gbóná, ó sì jọ ìràwọ̀ pupa kékeré gan-an. Rafael Rebolo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù Canary ló rí ọgbọ́n dá sí i: kí wọ́n wá èròjà tó ń jẹ́ lítíọ́mù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìràwọ̀ kékeré tó bá ràn á jó tirẹ̀ run. Púpọ̀ nínú àwọn tó fúyẹ́ jù láti ràn á tọ́jú tiwọn. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí ju gbogbo awò lọ.

Lọ́dún 1995 wọ́n kéde brown dwarf kan, Teide 1, láàárín àwọn ìràwọ̀ Pleiades. Ẹ lè wo ibẹ̀ láti Òkè-Baálẹ̀ lálẹ́ oṣù Kejìlá bí ọyẹ́ kò bá bo sánmà: ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣùpọ̀ lókè orí. Teide 1 fúnra rẹ̀ kò ní hàn sí yín. Lọ́dún 1996, awò Keck ní Hawaii rí lítíọ́mù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 1995 yẹn náà ni wọ́n kéde brown dwarf míì, Gliese 229B. Gáàsì methane wà lára rẹ̀, ooru ìràwọ̀ gidi ì bá sì ti fọ́ ọ túútúú. Lọ́dún 2024 ni wọ́n wá mọ̀ pé méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí ara wọn ká ní nǹkan bí ọjọ́ 12.

Èyí tó tutù jù tí wọ́n tíì rí ni WISE 0855, tí Kevin Luhman kéde lọ́dún 2014. Ó tutù ju òru ọyẹ́ l'Óṣogbo lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í rìn tó ọdún mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.