Nígbà tí "ẹ káàbọ̀" kò bá jáde lẹ́nu

Ẹjọ́ kan wà tí mo ti gbọ́ léraléra nínú yàrá kékeré tí mo ti ń gba àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó máa ń rú ẹbí lójú, nítorí pé kò sí olè nínú rẹ̀, kò sí àgbèrè, kò sí ìyà jíjẹ. Ọkọ lọ sí ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, ó padà dé, ìyàwó rẹ̀ kò sì kí i káàbọ̀. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì jáde títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tí ó dé tí a kò kí ti gba ìwọ̀sí. Ọkọ gbà pé ìfẹ́ ti tán, tàbí pé ẹlòmíràn ti wọlé sí ọkàn ìyàwó òun. Àwọn àgbà tí wọ́n pè sí ọ̀rọ̀ náà bá obìnrin wí, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì tún ṣe bákan náà nígbà tí ọkọ tún rìnrìn àjò. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Obìnrin kan sọ ọ́ fún mi báyìí: "Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ara mi á kàn tutù."

Obìnrin tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Mo da ìtàn ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, mo sì yí ohun púpọ̀ padà, kí àṣírí ẹnikẹ́ni má baà tú. Ẹ jẹ́ kí a ní ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, àti pé ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Parakou. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ mú un wá sí Àjàṣẹ́ kí ó máa gbé lọ́dọ̀ tàǹtí rẹ̀ tí ń tajà ní Ouando. Wọ́n sùn mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ìyá fún un lówó pé kí ó lọ ra àkàrà wá, nígbà tí yóò sì fi dé, ìyá ti wọkọ̀ lọ. Ohun tí ó rántí jù ni ìwé tí wọ́n fi di àkàrà náà: epo rin ín, ó ta sí i láṣọ, ó sì ń bẹ̀rù pé ìyá òun á bá òun wí. "N kò sunkún," ni ó wí fún mi, ohùn rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀. "Títí di òní ni tàǹtí mi máa ń sọ pé ọmọ tí ilé tètè mọ́ lára ni mí."

Ìmọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni ìtúpalẹ̀ ọkàn, èyí tí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ń pè ní psychanalyse: ènìyàn á máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, a ó sì jọ máa wá ohun tó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, ni ó dá a sílẹ̀. Ní 1914 ó kọ ohun kan tí mo gbà pé ó wúlò fún ìdílé ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ tó kù lọ: ó ní ohun tí ènìyàn kò lè rántí, a máa fi ìwà ṣe é, a sì máa ṣe é léraléra láìmọ̀ pé ohun àtijọ́ ni òun ń tún ṣe. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá fún ekòló ṣì mọ̀ pé ejò bu òun ṣán rí. Àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ mi kì í sábà rántí ejò kankan. Wọ́n kàn ń sá ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, John Bowlby, dókítà àrùn ọkàn, àti James Robertson tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ kéékèèké tí ó dá wà ní ilé ìwòsàn, ní àkókò tí wọn kì í jẹ́ kí òbí wá wò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Robertson tilẹ̀ ya fíìmù ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan, tí ó jáde ní 1952. Wọ́n rí i pé ọmọ á kọ́kọ́ ké, á bínú, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Bí ìyá kò bá dé, igbe á rọlẹ̀, ọmọ á sorí kọ́, oúnjẹ kò ní wù ú. Lẹ́yìn náà ni á wá dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá: á jẹun, á ṣeré, á rẹ́rìn-ín fún nọ́ọ̀sì, gbogbo ènìyàn á sì ní ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá dé níkẹyìn, ọmọ náà á gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà kò gbàgbé ìyá rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ kò sì dín kù. Ìfẹ́ náà ni ó ti di ohun tí ń bà á lẹ́rù, nítorí pé bí ó bá tún wo ojú yẹn, tí ojú yẹn sì tún lọ, ọgbẹ́ á tún ṣí. Nígbà tí ìyá obìnrin wa padà wá ní ọdún kejì pẹ̀lú iṣu àti aṣọ tuntun, ọmọ náà sá lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ń fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ dé láti Parakou, obìnrin sì gbé abọ́ lọ fọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ: ọkọ rò pé òun ni wọ́n ń bá jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìjà náà tọ́ sí kò sí nínú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn tí ó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ sí àwọn abúlé Uganda ní 1954, ó sì tọ ọmọ ọwọ́ 28 lẹ́yìn nínú ilé tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń gbé ọmọ. Ó rí i pé ọmọ lè rá lọ sọ́dọ̀ ẹni púpọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá mọ ẹni tí òun máa padà sí, àti pé ìyá tí ó lè sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ ìṣe ọmọ rẹ̀ ni ọkàn ọmọ rẹ̀ sábà máa ń balẹ̀. Ti ọmọ tí a fi ń ṣòwò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, òfin ilẹ̀ wa sì ti dá sí i ní 2006. Ohun tí ó ń dùn mí ni ẹ̀tàn àkàrà. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá máa fi ọmọ sílẹ̀, ẹ dágbére fún un, ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa padà wá, ẹ sì jẹ́ kí ó sunkún lójú yín. Ọmọ tí ń ké tẹ̀ lé ọkọ̀ ṣì gbà pé igbe òun lè mú ẹnì kan padà.

Bí ó bá kan tọkọtaya, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ kí a máa fi ìkúnlẹ̀ tọ́jú irú ìdákẹ́ yìí. Ìtìjú ni ó ń bù kún un. Ó sàn kí ọkọ tẹ ìyàwó láago láti ojú ọ̀nà, kí ó sọ ibi tí òun dé, kí ó wọlé, kí ó jókòó nítòsí láìbèèrè ìkíni. Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un o: ìdákẹ́ obìnrin tí ọkọ ń lù kì í ṣe ti ìgbà èwe, ìbẹ̀rù òní ni, ààbò ni ó sì nílò. Ẹni tí kò sì lè sùn mọ́, tàbí tí ikú ń wù ú, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

N kò fi àlàyé tí mo ṣe yìí wo obìnrin náà sàn. Ó ti ń bọ̀ fún oṣù púpọ̀ nígbà tí mo lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí mo padà, ó dé lákòókò, ó jókòó, ó ń wo fèrèsé. Mo dúró pẹ́. Mo wá sọ pé, "Ẹ ò kí mi káàbọ̀ lónìí." Ó bú sẹ́kún, ọjọ́ yẹn ni ó sì sọ ti àkàrà.

Nígbà tí ìsinmi ọdún tí ó tẹ̀ lé e kù díẹ̀, ó bínú sí mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù, ó ní ta ni òun máa bá sọ̀rọ̀. Mo sọ ọjọ́ tí mo máa dé fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Ohùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì wà lójú mi.